Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé sìgá ti di èèwọ̀: ṣé onílé lè tìtorí ẹ̀ lé mi jáde?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Awakọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ báyìí. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo gbà nínú ilé páséèjì kan ní Apẹ́tẹ́, nílùú Ìbàdàn. Owó ọdún-ọdún ni mò ń san, ó sì ku oṣù méje kí ti ọdún yìí tó tán. Láti ìgbà tí mo ti wà lórí ọkọ̀ ni mo ti ń mu sìgá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ onílé tó ti Amẹ́ríkà dé lẹ ìwé mọ́ ògiri páséèjì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá nínú ilé náà mọ́, àní nínú yàrá ẹni pàápàá. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn, wọn yóò kó ẹrù rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún nínú ilé tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù. Ìyá ọlọ́mọ kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ló fẹjọ́ mi sùn, nítorí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo kúkú sanwó yàrá mi.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìrònú o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn yín. Ìwé orí ògiri kò lè lé yín jáde, ọmọ onílé kò sì lè kó ẹrù yín síta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: "èmi ni mo sanwó yàrá mi" kò lágbára tó bí ẹ ṣe rò.

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, àdéhùn ni. Nígbà tí ẹ gba yàrá, ẹ̀yin àti onílé jọ fẹnu kò sí iye owó, iye ìgbà, àti ohun tí kálukú gbọdọ̀ ṣe. Kí àdéhùn yẹn tó tán, ọwọ́ kan kò lè yí i padà. Bí onílé kò ṣe lè fowó kún owó ilé láàárín ọdún tí ẹ ti san, bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè mú òfin tuntun wọ inú yàrá yín láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ ò bá tilẹ̀ ní àgírímẹ́ǹtì lọ́wọ́, rìsíìtì owó ilé tó láti fi hàn pé ayálégbé ọlọ́dún-ọdún ni yín. Ẹ wá a jáde, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ lónìí.

Tí ẹ bá fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì, ẹ jókòó tì í kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, tí ẹjẹ́ńtì kàn ń kọ orúkọ àti iye owó sí, kì í sábà dárúkọ sìgá. Àmọ́ ìlà kan wà nínú ọ̀pọ̀ wọn tí ayálégbé kì í kà: pé kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí yóò ni àwọn ará ilé àti aládùúgbò lára. Ẹ má fojú di ìlà yẹn. Bí ìyá ọlọ́mọ náà bá dìde ní kóòtù, tó ní èéfín yín ń wọ yàrá òun ní gbogbo alẹ́, tó sì mú káàdì ọsibítù ọmọ jáde, orí ìlà yẹn ni lọ́yà onílé yóò dúró lé.

Ẹ gbọ́ bí ti Amẹ́ríkà ṣe rí, nítorí òótọ́ wà nínú ohun tí ọmọ onílé sọ, ó kàn gé e kúrú ni. HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ló ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nínú ilé tí ìjọba ní, tí wọ́n fi ń ran aláìní lọ́wọ́. Wọ́n fún àwọn aláṣẹ ilé wọ̀nyí di ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2018 láti mú un ṣẹ. Òfin náà wọ inú yàrá ẹni lóòótọ́, ó sì kan ìta ilé títí dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ara ògiri. Ohun tí ọmọ onílé kò sọ ni pé wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn ayálégbé kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn náà ni wọ́n padà sí. Òfin ilé ìjọba Amẹ́ríkà kò sì de ilé aládàáni ní Apẹ́tẹ́.

Ní tiwa, òfin tó de tábà ni èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní ọdún 2015. Ó ka títà sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni títà á lẹ́yọ-lẹ́yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ là ń rí i lórí àtẹ. Ó sì ka mímu rẹ̀ léèwọ̀ níbi tí èrò ń pàdé sí, bí ilé ìwé àti inú ọkọ̀ èrò. Kì í ṣe ọ̀daràn ni ẹni tó bá mu sìgá nínú yàrá rẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì dáàbò bo àṣírí ilé ẹni, tí ayálégbé bá sanwó, ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí abala kan níbẹ̀ tó sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni sìgá mímu. Igbó yàtọ̀ pátápátá o. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ NDLEA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ó sì lè kó onílé tó mọ̀, tó dákẹ́, sí wàhálà.

Ibi tí agbára onílé wà gan-an ni ìgbà tí ọdún bá pé. Oṣù méje sí i, ó lè gbé àgírímẹ́ǹtì tuntun síwájú yín tó kọ ọ́ kedere pé kò gbọdọ̀ sí sìgá nínú ilé. Òfin kò dí i lọ́wọ́. Ẹ lè gbà, ẹ sì lè kọ̀. Tí ẹ bá kọ̀, ó lè ní òun fẹ́ gba ilé òun, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ayálégbé ọlọ́dún-ọdún, ìwé kúìtì olóṣù mẹ́fà ni, àyàfi tí àgírímẹ́ǹtì bá dá iye mìíràn. Olóṣooṣù, oṣù kan. Ọlọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan. Tí àkókò yẹn bá kọjá, yóò tún fún yín ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù. Lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé ẹjọ́ lọ, bíi Májísíréètì ní Ìyágankú. Tí àgírímẹ́ǹtì yín bá sì jẹ́ ti ọdún kan péré tí kò tún ara rẹ̀ ṣe, tí ọdún sì ti pé, ìwé ọlọ́jọ́ méje nìkan ti tó. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ dáadáa.

Àwọn kan máa ń sọ fún ayálégbé pé kó dákẹ́ tí ìwé kúìtì bá lábùkù, pé kóòtù á dà á nù. Ẹ má gbára lé e mọ́. Lọ́dún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes pé ìwé ìpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ ti tó láti jẹ́ kí ayálégbé mọ̀ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀.

Ohun tí kóòtù kò gbà rí ni kí onílé di agbófinró. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi tipátipá lé Ọ̀gágun Ojukwu jáde nílé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì bá ìjọba náà wí gidi lọ́dún 1986. Ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu lọ́dún 1997 tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pé onílé tó fẹ́ gba ilé rẹ̀, kóòtù ni kó gbà. Tí ìjọba ológun kò bá lè ṣe é, onílé Apẹ́tẹ́ kò lè ṣe é.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin kan wá bá mi ní àsìkò òjò. Onílé rẹ̀ ti ṣí páànù orí yàrá rẹ̀ nítorí gbèsè oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo débẹ̀, tìmùtìmù ti fa omi wú, ẹ̀bà ni gàrí inú àpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà, ọmọ rẹ̀ sì ń fi aṣọ ilé ìwé nu ìwé rẹ̀ ní ewé-ewé. Obìnrin náà jẹ gbèsè lóòótọ́. Onílé náà sì rú òfin. Àwọn méjèèjì ni a gbé síwájú adájọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń wúkọ́, Bàbá, nítorí òun ló ká mi lára jù. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé páséèjì ṣe rí. Ògiri ọ̀pọ̀ wọn kì í dé abẹ́ páànù, sílíìnì ló kàn bò ó, bí ẹnì kan bá ń dín àkàrà níyàrá kìíní, ẹni tó wà níyàrá ìkẹjọ á máa tá itọ́. Ọ̀nà tí òórùn àkàrà ń gbà ni èéfín sìgá ń gbà. Kẹ́míkà inú rẹ̀ lé ní 7,000, nǹkan bí 70 nínú wọn ló sì lè fa jẹjẹrẹ. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí kò lè pa ẹni tó ń fà á símú lára. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ṣì ń dàgbà, èéfín yìí sì máa ń dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára wọn. Kí ẹ ṣí fèrèsé kò tó. Kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà páséèjì burú jù, atẹ́gùn á gbé e padà wọlé. Ìyá yẹn náà sanwó yàrá rẹ̀, ó sì lè pe ẹ̀yin gan-an lẹ́jọ́ lórí ìnira yìí láìtilẹ̀ ti onílé bọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Láti alẹ́ òní, ẹ máa jáde lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, kí ibi tí ẹ dúró sí jìn sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ bá ìyá ọmọ náà, kí ẹ béèrè àlàáfíà ọmọ, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ó ti máa mu ún fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí onílé, bàbá fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọ, pé ẹ ti rí ìwé náà, pé ẹ kò mu sìgá nínú ilé mọ́ nítorí àwọn ará ilé, pé ìwé orí ògiri kò sì yí àdéhùn yín padà. Ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ yín pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ẹ má já kọ́kọ́rọ́, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ pe ará ilé méjì kí wọ́n wá rí i, kí ẹ lọ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín létí pé wọ́n fẹ́ da àlàáfíà rú. Bí kò bá sí owó lọ́yà, Legal Aid Council ní ọ́fíìsì nílùú Ìbàdàn níbí. Ẹ mú rìsíìtì, ẹ̀dà lẹ́tà àti fọ́tò ìwé orí ògiri yẹn dání, kí ẹ ya á kí ẹnì kan tó já a.