Windows 7 kọ́ ni oògùn rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Windows 11 sórí laptop tòkunbọ̀ mi ló ti ń rìn bí ìgbín. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń bú Windows yìí. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n mú ₦15,000 wá, òun á dá a padà sí Windows 7. Kí ló dé tí gbogbo ayé fi kórìíra tuntun yìí?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó yẹn. Láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú títọ́jú Windows 7. Bí olè bá rí ihò lára rẹ̀ lónìí, kò sẹ́ni tó máa bá yín dí i. Orí laptop yẹn náà lẹ sì ti ń wọ àkáǹtì báńkì yín!

Ọ̀rọ̀ pé Windows tuntun ló burú, ó ti sú mi í gbọ́. Ẹ jẹ́ ká wo Vista, tí wọ́n bú jù. Windows XP tó ṣáájú rẹ̀, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 64MB ti lè gbé e dìde. Vista dé lọ́dún 2007, ó ní ti òun kò gbọdọ̀ dín ní 512MB. Kọ̀ǹpútà tí agbára wọn kò tó nǹkan ni wọ́n lẹ “Windows Vista Capable” mọ́ lára, wọ́n sì ń tà wọ́n lọ. Ọ̀gá kan ní Microsoft gan-an kó sí i: ó ra laptop $2,100, ó ní kò wúlò fún òun ju kí òun fi ka email lọ. Àwọn oníbàárà gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù. Driver, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti irú wọn mọ̀, kò tíì ṣe tán fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Vista ni èébú bá.

Windows 7 tí wọ́n ń yìn fún yín ńkọ́? Ọmọ Vista ni. Ẹ tẹ “ver” síbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà: Vista á ní òun ni 6.0, Windows 7 á ní òun ni 6.1. Lóòótọ́ wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé ní 2009, kọ̀ǹpútà ti lágbára sí i, driver sì ti wà nílẹ̀.

Windows 8 ni n kò lè gbèjà. Ta ló ní kí wọ́n yọ bọ́tìnnì Start kúrò? Ọdún kan lẹ́yìn náà wọ́n dá a padà.

Ó wá ku tiyín. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, kò sì gba ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) Intel tó ti pẹ́. Bí tòkunbọ̀ yín bá ti dàgbà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbé e wọlé. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Bó bá wà ní 100% láìjẹ́ pé ẹ ń ṣe nǹkan kan, hard disk oníyíyí, ibi tí fáìlì yín wà, ni mo kọ́kọ́ máa fura sí. Ẹ fi SSD, ìyẹn disk tó yára tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀, kí RAM sì tó 8GB. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì yín kọ síbòmíràn o. Bó bá sọnù, ẹ má dárúkọ mi. N kò sì tíì fojú rí laptop náà, ó lè jẹ́ ooru ló ń dà á láàmú.

Ẹ ya fọ́tò ojú Disk yẹn ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.