Galaxy A54 fún aránṣọ tó ń lo síìmù méjì

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Nọ́ńbà MTN ni mo fi ń gba owó, ti Moov ni àwọn oníbàárà fi ń pè mí, fóònù ni mo sì fi ń ya gbogbo aṣọ tí mo bá rán kí n tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní Ìmẹ̀kọ àti Kútọnú. Ẹnì kan fẹ́ ta Samsung Galaxy A54 tó ti lò fún mi, oníṣòwò kan sì ní tuntun rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní kò ní àléébù kankan. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ìyá aránṣọ, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé fóònù dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kò ní àléébù kò sọ òótọ́ fún yín. Kì í ṣe fóònù olówó pọ́ọ́kú, kì í sì í ṣe olówó gọbọi. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kí owó rẹ̀ má baà ga jù ni ó yẹ kí ẹ mọ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn kan iṣẹ́ yín gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí síìmù ń wọ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kábàámọ̀. Àyè méjì péré ló wà níbẹ̀: èkíní jẹ́ ti síìmù nìkan, ṣùgbọ́n síìmù kejì àti káàdì ìpamọ́ ni wọ́n jọ ń du èkejì. Bí ẹ bá ti fi MTN àti Moov sí i, kò sí ibi tí káàdì yóò wọ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì tún ní síìmù Nàìjíríà tí ẹ fi ń bá àwọn ará Ìmẹ̀kọ sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ní in nítòsí ẹnubodè yìí, inú fóònù mìíràn ni yóò máa gbé. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ ní ó lè gba káàdì tó tó 1 TB, àǹfààní yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ti ki káàdì síìmù méjì bọ inú rẹ̀. Ní ti àyè ìpamọ́ inú fóònù fúnra rẹ̀, oríṣi méjì ni wọ́n ṣe, 128 GB àti 256 GB. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán àti fídíò lójoojúmọ́, 256 GB ni kí ẹ wá, kódà bí ó bá gba pé kí ẹ fi oṣù kan sí i tọ́jú owó.

Ní ti kámẹ́rà, mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò sì dọ́gba. Èyí tó jẹ́ 50 megapixel ni ojúlówó. Ó ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí gbígbọ̀n ọwọ́ ba àwòrán jẹ́, èyí tó wúlò púpọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ti 12 megapixel ń gba ibi tó gbòòrò, ó dára fún ẹbí tó jọ wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ti 5 megapixel, tí wọ́n ṣe fún ohun tó wà nítòsí pẹ́kípẹ́kí, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọrùn agbádá hàn, kámẹ́rà ńlá ni kí ẹ lò, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gé àwòrán náà sí ibi tí ẹ fẹ́.

Ojú fóònù náà dára púpọ̀. AMOLED ni, ìyẹn irú ojú tí ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tó bá dúdú lójú rẹ̀ a sì dúdú bí kóró iṣin, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́, ó máa ń mú kí àwọ̀ tàn ju bó ṣe rí lọ. Bí oníbàárà bá fi àwòrán ránṣẹ́ pé irú aró báyìí ni òun ń fẹ́, ohun tí ẹ rí lè tàn yín dé ọ̀dọ̀ aláṣọ. Ẹ wọ inú ètò ojú fóònù, kí ẹ yan àwọ̀ tí wọ́n kọ Natural sí.

Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5000 mAh, ó sì lè gbé yín di alẹ́. Kò sí ṣájà nínú páálí, okùn nìkan ni, nítorí náà ẹ ka owó ṣájà 25 W tó jẹ́ ojúlówó mọ́ owó rẹ̀. Ẹ má retí pé yóò yára kún, torí ó máa ń ju wákàtí kan lọ. Kò tún ní ihò tí a ń ki okùn etí bọ̀.

Ní ti èyí tí wọ́n ti lò, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ṣe A54 kí eruku má lè wọ inú rẹ̀, kí ó sì lè wà nínú omi tí kò ní iyọ̀, tó jìn tó mítà kan, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àtè tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni ó ń dáàbò bò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tú u láti tún un ṣe, ààbò náà kò dájú mọ́, eruku pupa wa níhìn-ín kì í sì í fojú fo àyè. Gíláàsì ni iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wọ́n, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi ojú olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe AMOLED rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi ìka yín sínú ètò rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti fi ìka náà ṣí i: lábẹ́ ojú fóònù ni ohun tó ń ka ìka wà, kì í sì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó ń tà á sì yọ àkáǹtì Google rẹ̀ kúrò níṣojú yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù náà lè tì mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́.

Ohun kan tún wà tí kò hàn sójú. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni A54 jáde pẹ̀lú Android 13, Samsung sì ṣèlérí ìmúdójúìwọ̀n Android mẹ́rin àti ọdún márùn-ún fún ti ààbò. Láti ìgbà tó jáde ni ọdún márùn-ún náà ti ń kà, yálà tuntun ni ẹ rà tàbí àlòkù, ẹ̀yin tí owó sì ń gba orí fóònù yín wọlé kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ààbò.

Bí tuntun ti oníṣòwò bá jẹ́ 256 GB, òun ni mo fọwọ́ sí. Bí 128 GB bá ni, tí àlòkù sì jẹ́ 256 GB, ẹ gbé àlòkù náà wá sí ìsọ̀ mi kí ẹ tó sanwó. Yíyẹ̀ ẹ́ wò kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.