Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ìyá Olùkọ́: Ìyá wo ló ń fi ọmọ sílẹ̀ sínú igbó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 8, mú ìwé ìtàn kan bọ̀ láti ilé ìwé. Ìtàn Hansel àti Gretel ni. Bàbá àti ìyá mú ọmọ wọn méjèèjì lọ sínú igbó kìjikìji, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ sùn, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ lè fi èmi náà sílẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Ṣé bí òyìnbó ṣe burú tó nìyẹn? Ṣé kí n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀? — Ìyá Àyọ̀, Mọ́kọ́lá.

ÌDÁHÙN: Ìyá Àyọ̀, ẹ má gbà á. Ẹ ṣí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ rọra kà á. Agégi ni bàbá yẹn, ìyàn mú ní ìlú, kò sì rí búrẹ́dì fún wọn jẹ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Ìbàdàn yìí, ohun tí mo sì máa ń bi wọ́n lórí ìtàn èyíkéyìí ni pé: kí ni ẹ̀rù ń bà ẹni tó ń sọ ọ́?

Ní ilẹ̀ Jámánì, ebi ni. Jacob Grimm àti àbúrò rẹ̀ Wilhelm ló tẹ ìtàn yìí jáde ní 1812. Ní 1770 àti 1771, òjò ti ba ọkà jẹ́ lóko lọ́dún léra wọn, ebi sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ títí di 1772. Ogójì ọdún péré ló wà láàárín ebi yẹn àti ìwé náà. Ojú àgbàlagbà tó ń sọ ìtàn fún ọmọ lẹ́bàá iná nígbà náà ti rí i. Ṣáájú èyí, láti 1315 sí 1317, òjò rọ̀ títí irúgbìn fi jẹrà ní apá àríwá Yúróòpù, àwọn tó kọ ìtàn àkókò náà sílẹ̀ sì sọ pé àwọn kan pa ọmọ wọn tì.

Ẹ wo ilé tí àwọn ọmọ náà bá nínú igbó. Búrẹ́dì ni ògiri, kéèkì ni òrùlé, ṣúgà ni fèrèsé. Ẹni tó yó kì í fi búrẹ́dì mọ ògiri lójú àlá. Àjẹ́ tó wà nínú ilé ọ̀hún náà, kí ló fẹ́ ṣe? Ó fẹ́ bọ́ ọmọ sanra kó lè pa á jẹ.

Ohun kan wà tí ó máa ń ká mi lára. Nínú ìwé ti 1812, ìyá tó bí àwọn ọmọ náà gan-an ló ní kí wọ́n lọ fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó di ìtẹ̀jáde ti 1840, wọ́n ti sọ ọ́ di ìyàwó bàbá. Ìwé náà ti di ohun tí àwọn ìyá tó rí jẹ ń kà fún ọmọ wọn, kò sì ṣeé gbọ́ sétí mọ́ pé ìyá ọlọ́mọ lè dá irú àbá bẹ́ẹ̀. Ìyàwó bàbá sì rọrùn láti dì í rù, nítorí obìnrin ń kú sórí ìkúnlẹ̀ lemọ́lemọ́ nígbà náà, ọkọ á sì fẹ́ òmíràn sílé láìpẹ́. Nínú àlọ́ tiwa, orogún tó wà láàyè, tí ìkòkò rẹ̀ wà nínú agboolé kan náà, ló ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Bí ilé ṣe rí ni ìtàn ṣe rí.

Kí a má sì pe òyìnbó ní ìkà. Olúrónbí ńkọ́? Bí ìyá mi ṣe pa á fún wa ní Òkè-Bọ́là, ọjà ni ó fẹ́ kó tà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn fún Ìrókò, òun jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ tó bí. Ìlú ọlọ́jà ló ni irú ìtàn yẹn. Ìbàdàn wa pàápàá gbé ebi tirẹ̀ sínú oríkì: ọmọ ajòrosùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu. Lágelú àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá gun òkè lẹ́yìn tí ìlú wọn tú, èso òro àti ìgbín ni wọ́n rí jẹ, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Tí wọ́n bá ń ki wá lónìí, a máa ń yan bí ọba. Ebi ni wọ́n ń kà sí wa létí.

Ẹ kà á pẹ̀lú Àyọ̀. Kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń lọ sínú igbó, ẹ bi í pé kí ló rò pé àwọn ọmọ yẹn jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tó bá sì tún bi yín ní ìbéèrè tirẹ̀, ẹ dá a lóhùn pé rárá, kí ẹ gbé e mọ́ra.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Olùkọ́, kí ló dé tí àwọn òrìṣà ará Íslándì fi ń kú? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Sángo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, nítorí òtútù. Snorri Sturluson, òǹkọ̀wé kan ní Íslándì, ilẹ̀ olótùútù ní àríwá Yúróòpù, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1220 pé kí ogun tí àwọn òrìṣà yóò kú sí tó dé, ìgbà òtútù mẹ́ta yóò tẹ̀ léra láìsí ìgbà ooru láàárín wọn. Lójú àwa tí ọyẹ́ wa kì í pẹ́ lọ, àsọdùn ni. Àmọ́ tí òtútù bá fi oṣù kan ju ibi tí wọ́n fojú sí lọ níbẹ̀, koríko gbígbẹ tí wọ́n kó pamọ́ fún màálù á tán, màálù á kú, èèyàn á tẹ̀ lé e. Ní 536, eérú òkè tó ń yọ iná bo ojú ọ̀run, oòrùn ń ràn bí òṣùpá fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ìrántí rẹ̀ ló wà nínú ìtàn náà. Wọ́n ní ìkookò ni yóò gbé oòrùn mì. Obìnrin ni oòrùn wọn. Kí ìkookò tó bá a, yóò ti bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà ni yóò sì máa tọ ọ̀nà ìyá rẹ̀ lójú ọ̀run. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, Yétúndé ni wọn ìbá sọ ọ́.