Tò wọ́n, má rò wọ́n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní array (àkójọ nọ́ńbà) méjì nínú NumPy, irinṣẹ́ ìṣirò fún èdè kọ̀ǹpútà Python. Ojúàmì 1,000 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojúàmì kọ̀ọ̀kan sì ní x, y àti z. Mo fi àmì àròpọ̀ sáàárín wọn kí wọ́n lè di 2,000. 1,000 náà ni mo ṣì rí, àwòrán mi sì dàrú. Níbo ni ìyókù wọlé sí?

ÌDÁHÙN: Wọn ò sọnù, àbúrò mi. Ṣe lo rò wọ́n pọ̀, o ò tò wọ́n. Tó bá jẹ́ list Python lásán ni, àmì àròpọ̀ á to èkejì sẹ́yìn èkíní. Ní ti array NumPy, ìṣirò gan-an ló ń ṣe. Bí ojúàmì àkọ́kọ́ níhìn-ín bá jẹ́ (1, 2, 3), tí ti ọ̀hún jẹ́ (10, 20, 30), (11, 22, 33) ló máa gbé fún ọ, ibi tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n rí. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé kò ní kìlọ̀ fún ọ. Ká ní 1,000 àti 500 ni wọ́n, ì bá ti pariwo.

Kọ ọ́ báyìí (np ni NumPy, a àti b ni array rẹ méjèèjì, c ni àpapọ̀ wọn):

c = np.concatenate((a, b), axis=0)

Wo àkámọ́ méjì yẹn dáadáa: inú ọ̀kan ṣoṣo ni a àti b jọ wà. axis=0 ló ń tò wọ́n ní ìlà lábẹ́ ìlà, tí c.shape, ìyẹn iye ìlà àti òpó rẹ̀, á fi jẹ́ (2000, 3). Bí o bá kọ axis=1, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló máa tò wọ́n sí, wàá rí (1000, 6).

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo lo np.append láì kọ axis sí i. Ó tú gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan ṣoṣo, nọ́ńbà 6,000 gbọọrọ. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi wá àṣìṣe náà nínú kóòdù ìyàwòrán, níbi tí kò sí. Láti ìgbà náà, mi ò so array méjì pọ̀ kí n má tẹ shape wò.

Bí wọ́n bá di ọgọ́rùn-ún lọ́la, má so wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú loop, ìyẹn àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, o. Gbogbo ìgbà tí o bá so ọ̀kan ni NumPy máa tún gbogbo ti tẹ́lẹ̀ dà kọ síbi tuntun. Kó wọn sínú list, kí o wá pe concatenate lẹ́ẹ̀kan.

Bó bá sì jẹ́ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ ìwọ̀n dúró sí nígbà tó ń wọ̀n àwọn ojúàmì náà, kọ́kọ́ yí ọ̀kan padà kí odo wọn, ìyẹn (0, 0, 0), lè bọ́ sójú kan náà. concatenate ò ní bá ọ ṣe ìyẹn.