Abala Ọkọ̀ Tó Wọ́ Nínú Páálí: Báwo La Ṣe Ń Mú Un Tọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Leeds ni mo ń gbé. Mo ra kíìtì, ìyẹn àwọn abala ike tí a ń tò pọ̀ di àwòṣe, ti Bismarck, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Jámánì, ní ìwọ̀n 1/350 (ìdá kan nínú 350 ti ojúlówó), lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti kó o sí àjà ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo ṣí páálí, mo rí i pé apá ọ̀tún ikùn ọkọ̀ náà ti tẹ̀ bí ọrun. Tí mo bá gbé e ti apá òsì, imú pàdé imú, ìdí pàdé ìdí, ṣùgbọ́n àlàfo tó gba ìka kan wà láàárín. Dẹ́ẹ̀kì iwájú, ìyẹn pẹpẹ tó bo ikùn ọkọ̀ lókè, náà gbé etí sókè. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sè é nínú omi híhó, òmíràn ní kí n fi gọ́ọ̀mù àti kílám̀pù (ohun tí a fi ń fún nǹkan pọ̀) fipá mú un. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Omi híhó lè ba ike yẹn jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ti gọ́ọ̀mù, mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún ọkọ̀ oníbàárà kan: mo fi kílám̀pù fún un pa, mo lẹ̀ ẹ́, ó sì dúró. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo ti kùn ún, tí mo ti ta gbogbo okùn orí rẹ̀, ó là láti àárín dé ìdí. Gbogbo dẹ́ẹ̀kì ni mo tú kí n tó rí i tún ṣe. Ike tó wọ́ tí a fi ipá lẹ̀ kò sinmi rárá, ó ń fa ojú ìlẹ̀ náà, ibi tí gọ́ọ̀mù ti so abala méjèèjì pọ̀, tọ̀sán tòru.

Ó dára kí ẹ mọ ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Polystyrene ni ike ọ̀pọ̀ jù lọ kíìtì wọ̀nyí. Nílé iṣẹ́, wọ́n á yọ́ ọ ní nǹkan bí 200°C, wọ́n á fi agbára tì í wọ inú mọ́ọ̀dì irin, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ń tutù ló ń sún kì. Ibi tó fẹ́lẹ́ á tutù ṣáájú ibi tó nípọn, apá kan á wá máa fa ìkejì. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kó tó tutù tán, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Òmíràn á jáde ní títọ́, àmọ́ ooru àjà ilé àti ẹrù tí wọ́n tò lé páálí lórí á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bismarck fúnra rẹ̀ gùn tó mítà 251, nítorí náà tiyín yóò tó sẹ̀ǹtímítà 72. Ike tó gùn tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ, kò lè ṣàìgba ìyà.

Ike yìí máa ń rọ̀ gan-an tó bá ti ń sún mọ́ 100°C. Ẹni tó bá ti da ẹ̀kọ tó ń hó sínú abọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rí mọ bí abọ́ ṣe ń ká lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí omi híhó yóò ṣe sí ikùn ọkọ̀ yín nìyẹn, títí kan àwọn ihò fèrèsé kéékèèké ara rẹ̀. Láàárín 65 sí 75°C ni mo máa ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, ike kò tíì rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó gbé omi kaná rárá, ẹ wò ó bóyá ṣe ni abala náà tẹ̀ tàbí ó lọ́. Ẹ gbé e lé orí gíláàsì tàbí tábìlì tó tẹ́jú dáadáa. Èyí tó tẹ̀, imú àti ìdí rẹ̀ á kan ilẹ̀, àárín á gbé sókè, tàbí kó rí bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì. Èyí tó lọ́, ṣe ni imú á kọ sí ọ̀tún tí ìdí á kọ sí òsì, bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀. Èyí tó kàn tẹ̀ rọrùn: lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ bá ti ki dẹ́ẹ̀kì àti àwọn ìdábùú inú rẹ̀ bọ̀ ọ́ láìlo gọ́ọ̀mù, òun náà á tọ́. Bí ìka méjì bá lè pa àlàfo náà dé wẹ́rẹ́, omi gbígbóná kò kàn án. Àlàfo tó gba ìka kan lẹ sọ, nítorí náà tiyín nílò rẹ̀.

Abọ́ tó gùn tó ọkọ̀ náà ló máa ń jẹ́ ìṣòro. Ohun tí èmi ń lò ni gọ́tà ike tí wọ́n fi ń gba omi ọ̀ṣọ̀rọ̀, mítà kan, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má baà tẹ̀ nígbà tí omi bá wọ inú rẹ̀. Ẹ po omi kẹ́tù mọ́ omi tútù, ẹ fi tẹmómítà ìdáná wọ̀n ọ́n, ẹ má jẹ́ kó kọjá 75, torí gọ́tà náà lè rọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn. Ẹ ki abala náà bọ inú omi fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kọjá ibi títọ́ díẹ̀, nítorí á padà sẹ́yìn díẹ̀ tí ẹ bá tú u sílẹ̀. Kí ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ nínú omi tútù fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá lọ́, ọ̀nà kejì ni kí ẹ lọ́ ọ sí, láti imú àti ìdí lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rọ́bà ìsowó so ó mọ́ pákó tó tọ́ gbọnrangandan, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Bó bá ku díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un ṣe. Ìgbà mẹ́ta ní 70 sàn ju ìgbà kan ní 95 lọ. Ẹ má fi iná tààrà súnmọ́ ọn. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun lè ṣiṣẹ́ fún ibi kékeré kan, bí ẹ kò bá dúró sójú kan.

Dẹ́ẹ̀kì rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: omi kan náà, lẹ́yìn náà láàárín gíláàsì méjì pẹ̀lú ìwé ńlá lórí. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ yín mọ ike náà kí ẹ tó kan ikùn. Òpó àti ẹnu ìbọn tó wọ́, èmi kì í yọ ara mi lẹ́nu lórí wọn. Mo máa ń gé wọn kúrò, mo sì ń fi ọ̀pá idẹ tín-ínrín rọ́pò wọn.

Nígbà tí ẹ bá dé ibi lílẹ̀, láti imú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù olómi tí ń yọ́ ike pọ̀ mọ́ra. Ẹ fi téèpù dì í, kó gbẹ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù tó ń mú lójú ẹsẹ̀ fún ojú ìlẹ̀ yìí, torí ó máa ń ṣẹ́ bí nǹkan bá gbá a. Nínú ikùn, ẹ gé ọ̀pá férémù tí àwọn abala so mọ́, kí ẹ fi dábùú láti ògiri kan sí ìkejì ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ní ìwọ̀n ìbú dẹ́ẹ̀kì gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ tú téèpù gbogbo, kí ẹ gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Bí yóò bá là, ẹ jẹ́ kó là báyìí, nígbà tí ojú ìlẹ̀ ṣì ṣeé dé.