Nínú chess, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ayò ni mo máa kọ́kọ́ kọ́ ni, àbí ìparí rẹ̀?

Ìparí ayò ni kí o kọ́kọ́ kọ́. Ní ti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan fún funfun, ìdáhùn kan sí e4 (kí funfun kọ́kọ́ ti pawn, ọmọ ayò kékeré, sí ojúlé e4: lẹ́tà ni òpó, nọ́ńbà ni ìlà) àti òmíràn sí d4 ti tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Fún àpẹẹrẹ ìparí ayò, mú ọba àti pawn kan tó dojú kọ ọba nìkan. Gbé ọba funfun sí e4, pawn rẹ̀ sí e3, ọba dúdú sí e6. Bó bá kan dúdú, funfun ló máa jẹ ayò. Bó bá kan funfun, ọ̀mì ni, nítorí ẹni tó kàn ló gbọ́dọ̀ yà fún ẹnìkejì. Ohun tó ń ba ayò yìí jẹ́ jù ni kéèyàn máa sáré ti pawn síwájú. Ọba ni kó ṣáájú: tó bá ti dé ìlà kẹfà níwájú pawn rẹ̀, dúdú ò rí nǹkan ṣe mọ́. Pawn ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù, a tàbí h, nìkan ló yàtọ̀. Bí ọba dúdú bá ti wọ igun tí pawn náà ń lọ, ọ̀mì ni.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Italian dára: e4 e5, Nf3 Nc6, Bc4 (N ni knight, ẹṣin; B ni bishop). f7, ojúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba dúdú, ni Bc4 ń wò, ọba nìkan ló sì ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹni tó kàn há a sórí láìmọ ìyẹn máa ń dàrú bí alátakò bá ti gba ibòmíràn.