Ṣé òwe «Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde» ní ká má fowó ránṣẹ́ sí míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ òkèèrè?

Ìbéèrè yìí wá láti Àkúrẹ́. Ìjọ wọn ní kí ẹbí kọ̀ọ̀kan máa dá owó lóṣooṣù fún àwọn míṣọ́nnárì tó wà ní Nìjẹ̀r àti Sẹ̀nẹ̀gàl. Bàbá kan dìde nípàdé, ó ní òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sẹ́ni tó lè fèsì.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ òwe náà tán. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, wúrà, gbogbo ohun tí a fi ń ṣe ara lóge ni ẹ̀ṣọ́. Inú àpótí ilé la ti ń yọ ọ́, òde la sì ń wọ̀ ọ́ lọ. Ibi tí nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ ni òwe yìí ń tọ́ka sí. Ẹni tó ti àpótí rẹ̀ pa, tí kò ròde rí, kò lè fi òwe yìí gbè ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Síbẹ̀, bàbá wa ní òótọ́ lẹ́nu. Ìjọ tó jẹ olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ lówó oṣù, tó wá ń ka orúkọ ilẹ̀ tó ń ràn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkórè, ẹ̀ṣọ́ àyálò ló wọ̀. Henry Venn, akọ̀wé CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 1873, fẹ́ kí ìjọ ilẹ̀ wa máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n máa ṣàkóso ara wọn, kí wọ́n sì máa tan ìhìnrere fúnra wọn. Lójú tèmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń rìn pọ̀.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ọmọ Oǹdó. CMS ló rán Charles Phillips wá sí ìlú Oǹdó ní 1877. Ọwọ́ àwọn ọmọ ìjọ nílùú Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ owó ẹgbẹ́ náà ti ń wá, àwọn mìíràn ń dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ tálákà kún ilé tiwọn náà.

Ohun kan wà tí ìgbìmọ̀ ìjọ gbọ́dọ̀ wò. Owó tí wọ́n ń pè ní sẹ́fà (CFA) ni wọ́n ń ná ní Nìjẹ̀r àti Sẹ̀nẹ̀gàl, yúrò, owó ilẹ̀ Yúróòpù, ni wọ́n sì so ó mọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí báńkì àpapọ̀ ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ lọ́jà, iye náírà kan náà kò ra ohun tó ń rà níbẹ̀ mọ́. Míṣọ́nnárì lè gba gbogbo owó tí ẹ ṣèlérí láìdín kọ́bọ̀, kó má sì tó o san owó ilé. Ẹ ṣe òrùlé, ẹ má dá owó míṣọ̀n dúró, kí ẹ sì máa bi ẹni tí ẹ rán léèrè lọ́dọọdún iye tó ń ná kí ẹ tó kọ ìlérí tuntun.